Àga Iwájú Nínú Pijó Bàbá Muheez

Ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o, ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn yìí dé òpin. Mo fi Ọlọ́run búra, òótọ́ ni. Àárín Ìbà sí Ọ̀jọ́ níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n tún ìbúra yẹn ṣe díẹ̀: òótọ́ inú ẹ̀ pọ̀ ju irọ́ lọ. Ẹ ṣáà máa kà á lọ.

Ọgbà kan wà ní Ìbà tí wọ́n ń pè ní Ilé Ayé Àná. Tẹ́ ẹ bá wọ ibẹ̀, ẹ ó rò pé ìgbà tí ìyá-ìyá yín ṣì jẹ́ omidan lẹ wà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀, àwọn obìnrin wọn ń fi òwú kó irun. Ṣùgbọ́n mọ́tò àtijọ́ ni gbogbo ayé ń tìtorí ẹ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n á gbé àlejò sínú ẹ̀, wọ́n á wà á dé Okokomáìkò, wọ́n á tún dà á padà.

Muheez ló ń tọ́jú àwọn mọ́tò náà. Makáníìkì gidi ni, mi ò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Èyí tó fẹ́ràn jù ni Pijó 404 funfun kan tó jẹ́ ti bàbá ẹ̀. Bàbá fi ṣe kabúkabú títí wọ́n fi kú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìnkùlé ni mọ́tò náà wà, tí adìẹ ń yé ẹyin sínú ẹ̀. Muheez ló jí i padà, tó sì gbé e fún àwọn tó ni ọgbà kí wọ́n máa fi pawó. Ó fi awọ pupa rán àga ẹ̀, ó sì ń nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Tí àwa ọmọ àdúgbò bá rí i, a ó pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò tíì san owó ìfẹ̀yìntì mọ́tò yín ni?" Á sì sáré lé wa pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́.

Ìyá ẹ̀ ń gbé ní Ọ̀jọ́ pẹ̀lú Ìbídùn, àbúrò ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni màmá náà ń fẹ́.

"Muheez, jẹ́ kí n jókòó níwájú mọ́tò bàbá ẹ lẹ́ẹ̀kan."

"Màámi, ṣebí ẹ gùn ún títí nígbà ayé wọn."

"Ẹ̀yìn ni mo ń wà, èmi àti agbọ̀n ẹja mi. Bàbá ẹ ní èrò tó sanwó ló ni iwájú. Mo ní kò burú, tó bá dọjọ́ kan. Ọjọ́ yẹn ò dé tí wọ́n fi lọ."

Muheez rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe búrékì ẹ̀ tán ná."

Ó ṣe búrékì tán, ó ní ó ku kábúrétọ̀. Ó ṣe ìyẹn náà, ó ní ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ. Ọ̀dà wo ni kì í gbẹ? Ẹ bá mi bi í.

Nígbà tó di ọdún Iléyá, màmá lé tìróò, wọ́n da ìborùn tuntun bo orí, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Ìbà fúnra wọn. Wọ́n bá Pijó náà níbi tó ti ń dúró de àlejò. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn iwájú.

"Màámi! Ọwọ́ yín!" Gbogbo èèyàn yíjú. "Ọ̀rá ẹran ọdún wà lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti kó awọ àga yìí wá ni?"

Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ wọ mọ́tò náà ní, "Ẹ jẹ́ kí màmá jókòó síwájú, èmi á lọ sẹ́yìn."

"Rárá o, àǹtí. Iwájú lẹ sanwó fún."

Màmá wo ọmọ wọn. "Ohùn bàbá ẹ gan-an nìyẹn," ni wọ́n wí. Kí Muheez tó gbé àlejò dé, màmá ti lọ.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìbídùn pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Màámi ò lè mí dáadáa. Òjò ti lé gbogbo oníkẹ̀kẹ́ wọlé. Ẹ gbé mọ́tò wá!"

"Mọ́tò wo?"

"Mọ́tò wo kẹ̀? Ti Bàámi!"

"Nínú ẹrẹ̀ Ọ̀jọ́ yìí? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abẹ́ ẹ̀ ni. Jẹ́ kí òjò dá, mò ń bọ̀."

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ ṣá?"

"Mo gbọ́."

Muheez wo mọ́tò, ó wo òjò. Ara ẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó ṣáná sí i, ó sì kó sínú ẹrẹ̀. Nígbà tó dé Ọ̀jọ́, Ìbídùn fẹ́ tẹ́ màmá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n na ìka síwájú. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé wọn sí. Nígbà tí wọ́n dé Ìyànà-Ìbà, màmá ní kí Muheez yí gíláàsì sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń wò mí?"

"Wọ́n ń wò yín, Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wúkọ́, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n tètè dé ọsibítù. Ara wọn yá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ìkìlọ̀ rèé: ohun yòówù kẹ́ ẹ máa nù kó máa dán, ẹ má fi dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó bí yín. Tí ìyá yín bá ní àwọn fẹ́ jókòó, ẹ ṣílẹ̀kùn lónìí. Ẹ má sọ pé ó ku kábúrétọ̀.

Ó yá, mo jẹ́wọ́. Láti ibi tí Muheez ti ṣáná sí mọ́tò títí dé ọsibítù, èmi ni mo dá a sọ. Mọ́tò náà ò kúrò lábẹ́ páànù nígbà tí òjò ń rọ̀. Muheez dúró kí òjò dá, òjò sì dá, ó wakọ̀ dé Ọ̀jọ́, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú màmá. Láti ìgbà yẹn, tí àlejò bá fẹ́ wọ iwájú, Muheez á ní ilẹ̀kùn ẹ̀ ti bàjẹ́, kó lọ sẹ́yìn. Àwọn àlejò fẹjọ́ sùn, àwọn tó ni ọgbà sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Irọ́ tí mo fi ń ṣeré pọ̀ o, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe eré. Mo kàn fẹ́ kí màmá yẹn jókòó níwájú ni.