Ẹni Tó Bá Lè Na Bàbá

Láti Agọ́-Ìwòyè ni Adétòkunbọ̀ ti wakọ̀ dé Makun-Omi láàárọ̀ Sátidé, ó sì fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ lófìfo fún ẹrù bàbá rẹ̀. Yàrá ti wà nílẹ̀ ní ilé rẹ̀ nítòsí yunifásítì tó ti ń kọ́ni. Adédoyin ìyàwó rẹ̀ ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti ta kọ́tìnnì tuntun. Ó ku kí Bàbá gbà.

Nathaniel lorúkọ bàbá náà. Ọ̀gá ilé-ìwé Mẹ́tọ́díìsì ni kó tó fẹ̀yìn tì, láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú ló ti ń dá gbé létí ọ̀sà. Lóṣù tó kọjá, ó yọ̀ ṣubú níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Látìgbà náà ni Adétòkunbọ̀ kì í ti í sùn dáadáa. Ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ kan fóònù yóò dún, ẹni tó pè é kò sì ní mọ bí yóò ṣe sọ ọ́.

Fàráńdà ló ti bá Bàbá, tó ń wo omi. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá na ìgò mínírà kan sí i.

"Bá mi ṣí i. Ìka mi ò gbọ́ràn mọ́."

Adétòkunbọ̀ ṣí i. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sà. Ìgò lásán. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ta ni yóò máa bá mi wo omi yìí?"

"Omi ò ní lọ síbì kankan, sà."

"Èmi náà ò ní lọ síbì kankan." Bàbá mu mínírà rẹ̀, ó ronú díẹ̀. "Gèèmù rẹ àtijọ́ ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá fẹ́ kó mi kúrò nílé mi, kó kọ́kọ́ nà mí nínú ilé mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó ta á. Bí o bá nà mí, mo ń bá ọ lọ lónìí. Bí mo bá nà ọ́, má dárúkọ Agọ́-Ìwòyè sí mi létí mọ́."

Adétòkunbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Òun tí ìyàwó ń bú lójoojúmọ́ pé gèèmù bọ́ọ̀lù ni yóò sọ òun di opó!

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ta ni, sà?"

"Kí lo rò pé mo ń ṣe níbí látọjọ́ tí ìyá rẹ ti lọ?"

"Mo gbà, sà."

"Lọ bá mi fa jẹnẹrétọ̀. Ìyẹn lagbára mi ò ká."

Níbi tó ti ń fa jẹnẹrétọ̀, ó gbọ́ tí Bàbá ń fẹ́ ẹnu kásẹ́ẹ̀tì gèèmù, fùù, fùù, bí òun náà ti máa ń ṣe ní kékeré. Agbọ́n kan gba ojú fèrèsé jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu iwájú orí rẹ̀. Nígbà tó wọlé, Bàbá ti to gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀ tábìlì tẹlifíṣọ̀n, wáyà pádì méjì tí wọ́n fi ń ta gèèmù yọ jáde lábẹ́ aṣọ tábìlì. Bàbá ti yan funfun fún ọmọ, ó yan pupa fún ara rẹ̀. Ó jókòó sórí àga, pádì wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í bá bàbá rẹ̀ du àga, nítorí náà Adétòkunbọ̀ jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i.

Ó ti gbàgbé bí gèèmù náà ṣe rí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ò lójú, wọn ò nímú. Igun mẹ́rin ni bọ́ọ̀lù ní. Ariwo èrò ìwòran dà bí òjò lórí páànù. Nínú gèèmù tó wà nílé rẹ̀, òógùn ń hàn lójú agbábọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìyẹn a máa ní kó dúró títí tí dátà yóò fi wọlé. Èyí tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, orin rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú.

Ayọ̀ náà ò pẹ́. Pupa jẹ góòlù méjì, funfun ò jẹ ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ̀pà lẹ ń jẹ?"

"Ẹnu ni mo fi ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ ni mo fi ń nà ọ́."

Adétòkunbọ̀ bọ́ ẹ̀wù. Ó jàjà borí nínú ẹ̀ẹ̀kejì. Nínú ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ta ọ̀mì títí ó fi ku díẹ̀ kí fèrè dún. Pupa wá gba ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ya wọ àárín, ó gbá a sí kọ̀rọ̀ àwọ̀n. Bí pupa ṣe máa ń jẹ ẹ́ nìyẹn nígbà tóun wà ní kékeré, tóun nìkan bá ń bá ẹ̀rọ ta á lásìkò ọlidé.

Fèrè dún. Bàbá gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára.

"Ṣé a ṣì ń lọ?"

"Rárá, sà."

Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó báyìí kò tíì darúgbó bí òun ṣe rò. Ó tún jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀. Kó tó padà wọlé, Bàbá ti di ẹ̀rọ náà sínú páálí, ó ti fi okùn dì í.

"Gbé e lọ. Ọjọ́ tó o bá mọ̀ ọ́n ta, kó o padà wá."

Páálí náà nìkan ló jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ padà sí Agọ́-Ìwòyè. Nígbà tó ròyìn fún Adédoyin, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Bàbá tí wọn ò lè ṣí mínírà? Ẹ fún mi ní pádì kejì yẹn, kémi náà nà yín."

Adétòkunbọ̀ tú páálí, ó mú pádì tí Bàbá lò, ó bẹ̀rẹ̀ láti ki wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀rọ, ó sì rí i pé agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sínú ihò kejì tó yẹ kí wáyà náà wọ̀, ó kún dé ẹnu, ó ti gbẹ, ó le gbagidi, kò sì sí ibi tó fi sán lára rẹ̀.