Omi Ọ̀gọ̀dọ̀ fún Mọ́mì

Ó ti rẹ Ṣèyílọ́lá kó tó gbé ìgò kékeré kan dé ẹnu géètì ilé wọn. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Rùkáyàt ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ń wo àwọn típà tó ń kó yanrìn wọ Ṣàngótẹ̀dó.

“Ṣé o ti sọ fún Mọ́mì?” Rùkáyàt bi í.

“Mi ò tíì lè sọ ọ́.”

Tísà bàọ́lọ́jì ni ìyá Ṣèyílọ́lá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Látìgbà tí ọkọ wọn ti ṣaláìsí, tí ojú wọn náà sì ti ń ṣe bàìbàì, kò sóhun tó ń gbé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́ àfi maikirosikóòpù wọn, láti fi wo rótífà, àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú ọ̀gọ̀dọ̀ tí ojú lásán ò lè rí. Dókítà ní ojú náà ò ní pẹ́ kú tán. Ẹ̀rù ọjọ́ tí wọn ò ní dìde mọ́ ń ba Ṣèyílọ́lá.

Nígbà tó padà dé, Mọ́mì ti wẹ̀, wọ́n ti múra, wọ́n ti ń retí. Ó kán omi inú ìgò náà sórí gíláàsì fún wọn, ó sì mú bírò.

“Kọ ọ́ sílẹ̀,” ni Mọ́mì wí, ojú wọn lẹ̀ mọ́ awò. “Irun orí ẹ̀ ń yí bíi fáànù, ó ń gbá oúnjẹ sẹ́nu. Ọ̀nà ọ̀fun leyín ẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń lọ oúnjẹ. Ìka ẹsẹ̀ ló fi di koríko mú. Òmíràn tún rèé, èyí níkarahun, ó pọn ẹyin sẹ́yìn.”

Ṣèyílọ́lá ń kọ ọ́.

“Èyí tí ò níkarahun yẹn, abo ni gbogbo ìran ẹ̀. Wọn ò lákọ, wọn ò sì lè dopó.” Mọ́mì rẹ́rìn-ín. “O ti ní láti rìn jìnnà dé ọ̀gọ̀dọ̀ lónìí. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Lọ́la, màá bá ẹ lọ.”

“Ẹ jẹ́ kẹ́sẹ̀ yín le sí i ná, Mọ́mì.”

“Ó ti le. Bá mi wá bàtà mi.”

Ṣèyílọ́lá wọ kíṣìnnì lọ, ó gbé ìgò náà sẹ́nu, ó sì mu omi tó kù nínú rẹ̀ tán, píọ́ wọ́tà tó ti ń rà láti ọdún tó kọjá, nígbà tí wọ́n ti fi yanrìn dí ọ̀gọ̀dọ̀ náà, tí wọ́n sì kọ́lé sórí rẹ̀.