Déètì Tó Wà Lára Ìdérí Ẹ́ńjìnnì

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá túfọ̀ ìyàwó rẹ̀ fún un, mẹkáníìkì yìí kì í bá oníbàárà ṣàwàdà mọ́.

Lónìí, ó ń pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì, ìgbànú tó ń yí inú ẹ́ńjìnnì, fún ọkọ̀ kékeré kan. Tíṣà ló ni ín.

Ó ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dè, ó sì ń tún un dè.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ń dúró dè mí o! Ẹ kúkú máa kọ déètì tí ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì sára ìdérí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀."

"Ó dìgbà tí mo bá ṣe é tán, tíṣà."

"Àbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni? Mẹkáníìkì mi àtijọ́, kó tó mú sípánà ló ti ń kọ ọ́!"

Ọwọ́ mẹkáníìkì náà dúró.

"Bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo kọ déètì sára ọkọ̀ kan, oníbàárà míì pè mí, mo sáré lọ. Nígbà tí mo dé, mo rí déètì, mo rò pé mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀. Mo ní kí ẹni tó ni ín máa gbé e lọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Bẹ́líìtì já lójú títì. Ẹ́ńjìnnì kú, ọkọ̀ akẹ́rù gbá a látẹ̀yìn."

"Yéè! Ta ló ni ọkọ̀ tí bẹ́líìtì ẹ̀ já náà?"

"Ìyàwó mi."



Mẹkáníìkì náà nu ọwọ́, ó sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Bẹ́líìtì tuntun rèé. Ẹ wá fọwọ́ kàn án fúnra yín kí n tó dé e."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fọwọ́ kàn án.