Fídíò Ẹni Tí Orí Rẹ̀ Kò Hàn

Olùkọ́ wa tan fídíò mi sára ògiri.

Bí ara ènìyàn ṣe ń rìn là ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Iṣẹ́ tó fún wa ni pé ká ya ẹnì kan láti ẹ̀yìn bó ṣe ń rìn, kí orí má hàn. Ẹni tó bá yege ni olùkọ́ máa kọ lẹ́tà fún láti kọjá sí yunifásítì.

"Ẹ wò ó, ó ń fi bàtà gbálẹ̀!" Aláwàdà kíláàsì nìyẹn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín.

Ó wá sún mọ́ ògiri. Ẹ̀rín kú lójú ẹ̀.

"Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún. Kò mì rárá. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń yọ ẹni yìí lẹ́nu o. Ọpọlọ ni."

"Ṣé kì í ṣe àárẹ̀ lásán, sà?" ni mo bi í.

"Rárá, ọmọ mi. Kó tètè rí dókítà kó tó pẹ́ jù. Ṣé o ti sọ fún un?"

"Àgbà ni, sà. Ẹnu mi ò gbà á."

"Ìtìjú ò ní wò ó sàn. Sọ fún un lónìí. Ta ni?"

Mi ò lè wo ojú ẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin ni mo yà lọ́jọ́ Ẹtì, bí ẹ ṣe ń padà lọ sí ọ́fíìsì yín."