Àtùpà Tó Ṣẹ́kù

Ní abúlé apẹja kan nílẹ̀ Japan, ọgọ́rùn-ún àtùpà ni wọ́n ń tàn sí yàrá inú bí wọ́n bá fẹ́ ṣeré ìtàn iwin. Ẹni tó bá sọ ìtàn tán ni yóò dá wọlé lọ pa ẹyọ kan. Bó bá ku àtùpà kan ṣoṣo, wọ́n á ṣíwọ́. Èèwọ̀ ni ìtàn ọgọ́rùn-ún.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Tokuzo ló sọ èyí tó kẹ́yìn. Ó ní apẹja kan wà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ já sómi. "Ì bá yọ ọ́, àmọ́ kò sí okùn nínú ọkọ̀." Kò sọ pé òun ni apẹja náà. Ọdún keje rèé tí ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kó sùn.

Ó wọlé, ó pa àtùpà tirẹ̀. Ẹní rin gbingbin lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Ó sáré padà wá jókòó láìwẹ̀yìn.

"Ó tán," ni Ìyá Shige, onílé, wí. "Gbogbo wa la pé síbí. Ẹ jẹ́ ká dúró de ilẹ̀ mímọ́."

Nígbà náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó nínú yàrá tí kò séèyàn.

"Ẹ kú ìjókòó o," ohùn kan wí níbẹ̀. "Ìtàn tèmi ló kàn. Tokuzo, ọwọ́ rẹ ni okùn wà lọ́jọ́ náà."