Ìtàn Tó Gba Iṣẹ́

Lorna Tibbs kórìíra kọfí ìpàdé àwọn ọ̀mùtí tó ti jáwọ́. Kọfí náà ti pẹ́ lórí iná jù, ó sì máa ń korò. Síbẹ̀, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á bu ife kan, á jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, á máa wo àwọn ará Brannock bí wọ́n ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sunkún. Àwọn arúgbó tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Àwọn ọmọge tí eyín ti ń tán lẹ́nu wọn. Bí ẹnì kan bá sọ tiẹ̀ tán, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un bíi pé ojú ogun ló ti ń bọ̀. Wọ́n ń rí Lorna lára, kò sì fi pa mọ́.

"Èmi ò rí bíi tiyín o," ló sọ fún Dewey Sayre lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń to àga.

Dewey, tó ti fìgbà kan wa ọkọ̀ èédú, rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Lorna, ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn. Èmi gan-an pẹ́ lẹ́nu ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bi í léèrè ohunkóhun. Lójú wọn, ẹni tó ń sẹ́, tiẹ̀ ló burú jù, wọ́n sì máa ń ní sùúrù fún irú wọn.

Látìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo tanganran ti kógbá sílé, iṣẹ́ gidi kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù ní ìlú náà. Ibùdó tó ń bá àwọn ọ̀mùtí tó ti jáwọ́ wáṣẹ́ ń wá alábàárìn, ẹni tí yóò máa jí wọn láàárọ̀, tí yóò máa sìn wọ́n lọ sọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́, tí yóò sì máa gbọ́ àwáwí wọn. Iṣẹ́ náà ń sanwó ilé ìwòsàn fún òṣìṣẹ́ àti ọmọ rẹ̀. Tess, ọmọ Lorna, ní àtọ̀gbẹ láti kékeré, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ti ń tán lọ nínú fíríìjì. Ṣùgbọ́n Marlene Pruitt tó ń darí ibùdó náà kì í wo ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọtí ti nà bolẹ̀ rí nìkan ló ń gbà, torí ọtí ti na òun náà bolẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó ku Lorna àti Dewey lórí ìjókòó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dewey wọ kóòtù olóògbé kan tí wọ́n fi ta ibùdó lọ́rẹ. Apá rẹ̀ kúrú.

"Kí lo máa sọ fún wọn?" Lorna bi í.

"Òótọ́ ni. Kí ni mo tún ní?"

Lorna ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

"Sọ ọjọ́ tó burú jù láyé ẹ fún mi," ni Marlene wí.

Lorna gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó ní nínú òtútù oṣù kìn-ín-ní, òun fi ọmọ sínú mọ́tò lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, òun ní kó dúró de òun díẹ̀. Òun wọlé lọ mutí nídìí ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, torí ibẹ̀ móoru, ni oorun bá gbé òun lọ. Ọlọ́pàá ló jí òun. Wọ́n ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé ọmọ náà, kò sì lè sọ̀rọ̀.

"Ìgò mi ni mo kọ́kọ́ béèrè, mà," ló wí. "Mi ò béèrè ọmọ."

Omi lé ròrò sójú Marlene. Ó nawọ́ kọjá orí tábìlì, ó di ọwọ́ Lorna mú. "Opùrọ́ ò lè ronú kan ìyẹn," ló wí. "Ẹni tó bá débẹ̀ ló mọ̀ ọ́n."

Ó wá kan Dewey. Kò pẹ́ rárá tí ilẹ̀kùn fi ṣí, Marlene fúnra rẹ̀ ló sì ṣí i.

"Ilé ìfọṣọ kan náà," ló ń wí. "Ìgò kan náà. O ò tilẹ̀ ní làákàyè láti yí i padà, Dewey. O jókòó tira obìnrin yìí nípàdé, o kó ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀, o wá gbé e ka iwájú mi. Ẹni bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàṣọ àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Mi ò gbọdọ̀ rí ẹ níbí mọ́."

Dewey ń wo Lorna. "Lorna," ló wí.

"Òfin wa ni pé ohun tá a bá gbọ́ nípàdé, ibẹ̀ là ń fi í sí, Dewey," ni Lorna dá a lóhùn. Ó ń de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀.

Marlene kì í lọ sí ìpàdé Brannock, òfin ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ jẹ́rìí sí ohun tí ẹlòmíràn sọ. Dewey bọ́ kóòtù olóògbé, ó fi í sórí ìjókòó, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì nìkan jáde sínú òtútù. Lorna wò ó títí ó fi kọjá lójú fèrèsé. Ọ̀dọ̀yọ̀, ló wí nínú ara rẹ̀.

Nígbà tó ń relé, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìgò wisikí kékeré kan. Ruthann tó ń tajà níbẹ̀ náà ń wá sípàdé. Kò nawọ́ sí ìgò.

"Lorna, mo gbọ́ pé wọ́n ti gbà ẹ́ síṣẹ́. Má ṣe báyìí. Jẹ́ ká pe ẹnì kan tó máa bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Tà á fún mi."

"Rántí ọmọ ẹ."

"Òun náà ni mo ń rántí."

Ruthann tà á fún un, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Nílé, Tess ń wo tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Lorna ti ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó bu wisikí sínú ife, ó gbé e súnmọ́ imú. Ọ̀la ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó fi ẹnu kàn án, ó tu ú dànù, ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ẹnu sì yà á pé nítorí nǹkan tó ń jóni lọ́nà ọ̀fun báyìí, tí òun kò tọ́ wò rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, ni Dewey ṣe fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò.