Ọ̀pá Tó Gùn Jù

Nígbà tí ọ̀pá pupa kan yọ nínú àwòrán tí ẹ̀rọ ń gbé sára ògiri, gbogbo kíláàsì lọgun. "Wákàtí méje!"

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ya àwòrán náà dúró gbagidi níwájú. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn ní yunifásítì ni kí wọ́n fi dátà kọ ìròyìn. Lòun bá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn àti bí wọ́n ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó rí dókítà. Nínú àwòrán rẹ̀, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan dúró fún bí aláìsàn kan ṣe pẹ́ tó; ti bàbá arúgbó kan ló gùn jù.

"O káre, ọmọ mi," ni olùkọ́ wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tó dé lẹ́yìn bàbá yìí ti rí dókítà, wọ́n ti lọ sílé. Kí ló dá bàbá dúró?"

"Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n, sà. Orúkọ wọn ò sí nínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì."

"Ẹ ò rí ìwà àìbìkítà!" Olùkọ́ lu tábìlì. "Ta ló yẹ kó kọ ọ́?"

Ni gbogbo kíláàsì bá pàtẹ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà. Ojú ti ọmọbìnrin náà débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ jókòó sílé ìwòsàn, bàbá ṣí fìlà níwájú rẹ̀, wọ́n wo bírò ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì fara balẹ̀ pe orúkọ wọn fún un.

"Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì," ni bàbá wí.

Ọmọbìnrin náà ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé rẹ̀.

"Ẹ lọ jókòó, bàbá," ló ní. "Wọ́n á pè yín."